Bí Ọdẹ́gbàmí Ṣe Lọ Wá Òótọ́ Òjò ní Ìlú Lọ́fílì-Dé

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé mi. Kí ẹni tí ó ń jẹ ẹ̀pà jẹ ẹ́ tán, kí ẹni tí ikọ́ ń ṣe wú u tán, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí a ń fi etí kan gbọ́. Ẹ ti gbọ́ nípa ọdẹ tí ó pa erin, ẹ ti gbọ́ nípa ọdẹ tí ó bá ẹfọ̀n wọ̀yá ìjà, ṣùgbọ́n ẹ dárúkọ ọdẹ kan ṣoṣo fún mi tí ó gbé ìbọn lé èjìká pé òun ń lọ dọdẹ òótọ́ ọ̀rọ̀ nípa òjò. Ẹ kò mọ ọ̀kan? Èmi mọ̀ ọ́n. Ọdẹ́gbàmí ni, ọ̀gá tí ó kọ́ mi níṣẹ́ ọdẹ, ọkùnrin tí ẹkùn rí lọ́ọ̀ọ́kán tí ó ní òun gbàgbé nǹkan sílé. Bí ọ̀gá bá rí báyìí, ẹ̀yin náà ẹ wo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa!

Ìlú Ìgbórò ni wọ́n bí i sí, ní àdúgbò Ìsàlẹ̀-Odò, níbi tí ilé ti sún mọ́ omi tó bẹ́ẹ̀ tí ẹja ń gbọ́ nígbà tí tọkọtaya bá ń jà. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, òjò ti sọ àwọn ará Ìgbórò di ẹni ẹ̀sín. Òjò àkọ́rọ̀ yóò rọ̀, wọn yóò sáré gbin àgbàdo, oòrùn yóò sì yọ bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́ ìkà, yóò yan irúgbìn náà nínú ilẹ̀ gbẹ. Wọ́n tún gbìn, ó tún jóná. Nígbà tí ó yá, irúgbìn tí ó kù ní gbogbo ìlú kò ju èyí tí ó wà nínú àká kan lẹ́yìn ààfin. Bí ìyẹn náà bá ṣòfò, ebi yóò pa èwe, yóò sì pa àgbà.

Rédíò kan wà ní ààfin. Lójoojúmọ́ ni ó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ti rí, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń sọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì tí ó yára bí ẹsẹ̀ ìgalà. Bí àwọn tí ó gbọ́ díẹ̀ bá jókòó túmọ̀ rẹ̀, èyí yóò ní òjò ni wọ́n wí, tọ̀hún yóò ní oòrùn ni, wọn a sì máa di ara wọn lọ́rùn mú níwájú ọba. Ọ̀rọ̀ náà sú Ọba Adéróunmú. Ó ránṣẹ́ pe gbogbo ọdẹ.

Ó ní, “Ẹ̀yin ọdẹ, bàbá mi sọ fún mi kí ó tó wàjà pé lẹ́yìn Igbó Ọ̀wààrà, ìlú kan wà tí òjò ti ń gba àṣẹ, tí ọyẹ́ sì ti ń di ẹrù rẹ̀. Ta ni yóò lọ bá mi béèrè ìgbà tí òjò tòótọ́ yóò dé?”

Olóyè Látẹ̀jú, ọ̀tún ọba, bú sẹ́rìn-ín. “Kábíyèsí, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń sọ ní ìlú náà. Ìjì òkun ni ó gbé àwọn babańlá wọn wá láti ilẹ̀ òyìnbó. Èwo nínú àwọn ọdẹ wa yìí ni ó mọ̀ ju ‘gúdù mọ́nìn’ lọ?”

Ọdẹ́gbàmí dìde, ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀. “Èmi ò tilẹ̀ mọ gúdù mọ́nìn ọ̀hún,” ni ó wí, “ṣùgbọ́n ìyàwó mi mọ̀ ọ́n.”

Òótọ́ ni. Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, ka ìwé mẹ́fà kí ó tó wọ ilé ọkọ. Nígbà tí ó gbọ́ ohun tí ọkọ rẹ̀ ti fi ẹnu ara rẹ̀ gbà, ó fi ọwọ́ lé orí, ó ké ‘yéè’, lẹ́yìn náà ni ó fa àpótí sọ́dọ̀ rẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ.

“Àwa, bí òjò bá rọ̀, a ó kí ara wa kú òjò, bí ọyẹ́ bá mú, a ó kí ara wa kú ọyẹ́. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ọjọ́ ni wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀. Wọn yóò wí fún ọ pé, ‘Lọ́fílì dé, ísíntì?’ Ìyẹn ni pé ọjọ́ òní mà dára o, àbí kò dára? Má wo òkè o! Kì í ṣe ìbéèrè. Kí o ṣáà ní, ‘Yẹ́ẹ̀sì, ísíntì.’”

“Bí ọjọ́ náà kò bá wá dára ńkọ́?”

“Kí o ní, ‘Yẹ́ẹ̀sì, ísíntì.’”

“Bí iná bá ń jó lórí mi ńkọ́?”

“Ọdẹ, yẹ́ẹ̀sì ísíntì ni mo ní kí o wí!”

Ìyá Ọdẹ́gbàmí, arúgbó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, rẹ́rìn-ín lórí ẹní títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwẹ̀ró tún kọ́ ọkọ rẹ̀ pé réènì ni òjò, túmọ́rò ni ọ̀la, yẹ́sítadé ni àná, mébì sì ni bóyá. Ọdẹ́gbàmí kó gbogbo rẹ̀ sẹ́nu bí ẹni kó obì, ó sì wọ igbó lọ.

Igbó Ọ̀wààrà! Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rù òkùnkùn ẹ̀yìnkùlé yín, ẹ má tilẹ̀ gbìyànjú rẹ̀. Igi ibẹ̀ ń làágùn, òkúta ibẹ̀ sì ń sín. Ní àárín igbó náà ni Ọdẹ́gbàmí ti pàdé Ọyẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ga bí àràbà, eérú bò ó láti orí dé àtàǹpàkò, ètè rẹ̀ sì sán tó bẹ́ẹ̀ tí alángbá ń gba inú sísán rẹ̀ wọlé, tí wọ́n ń gba ibẹ̀ jáde. Bí ó ti mí èémí kan lu Ọdẹ́gbàmí báyìí, gìgísẹ̀ ọdẹ là, ìdí ìbọn rẹ̀ náà là.

Ọyẹ́ ní, “Dá mi lóhùn, tàbí kí n sọ ọ́ di ewé gbígbẹ. Ta ni ó ń bu ètè ọba jẹ tí kò léyín, tí ó ń gba omi lára ọmọ tuntun tí kò lọ́wọ́?”

Bí ọdẹ ti gbójú sókè tí ó rí àwọn alángbá wọ̀nyẹn, ọgbọ́n sọ sí i nínú. “Bàbá, ẹ̀yin ni. Ta ni ó tún tó bẹ́ẹ̀?”

Inú Ọyẹ́ dùn, ó rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ bẹ́, eruku pupa sì tú jáde níbẹ̀ bo igbó mọ́lẹ̀. Ó yà fún ọdẹ kí ó kọjá. Ọdẹ́gbàmí wá rò ó pé kí òun má jẹ̀ẹ́ kí ẹsẹ̀ òun ṣòfò. Ó ní, “Bàbá, nígbà wo lẹ ó kúrò nílẹ̀ fún òjò lọ́dún yìí?”

Ọyẹ́ wò ó tìyanu-tìyanu. “Èmi kẹ̀? Ta ni ó ń sọ fún mi? Bí mo bá jí lọ́jọ́ kan, n ó kàn rí i pé n kò sí níbẹ̀ mọ́ ni.”

Ẹnu ya Ọdẹ́gbàmí tó bẹ́ẹ̀ tí ó gbàgbé láti pa á dé. Ó ń rìn lọ, ó ń mi orí: bí Ọyẹ́ fúnra rẹ̀ kò bá mọ ọjọ́ tí yóò lọ, ta ni yóò mọ̀ ọ́n?

Ẹnu yíyà náà ni ó gbé dé ẹnubodè ìlú ọ̀hún. Yìnyín ń já lulẹ̀ gbà-gbà-gbà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìkúùkù. Oníbodè dúró láàárín rẹ̀ pẹ̀lú agbòjò ní pípadé lábẹ́ abíyá. Apá kan ojú rẹ̀ gbẹ bí awọ ìlù, apá kejì ń kán tó-tó-tó bí òrùlé tí ó ń jò. Àgbẹ̀ kan láti ìlú mìíràn ni ó ṣíwájú Ọdẹ́gbàmí, ọkùnrin sígbọnlẹ̀ tí ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká. Oníbodè tẹrí ba fún un.

“Lọ́fílì dé, ísíntì?”

Àgbẹ̀ náà fọwọ́ bo orí. “Nóò!” ni ó pariwo. “Kí ló dára níbẹ̀? Ṣé o ò rí i pé yìnyín ń fọ́ mi lórí ni?”

Oníbodè kò bínú. Ó kàn mi orí bí ẹni tí àlejò já kulẹ̀. Láti àtẹ́lẹsẹ̀ ni àgbẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í di kùrukùru. Orúnkún rẹ̀ lọ, ìbàdí rẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ ni ó kẹ́yìn, ojú náà sì ń wo Ọdẹ́gbàmí títí tí afẹ́fẹ́ fi gbé e lọ. Ọkọ́ rẹ̀ nìkan ni ó já bọ́ sílẹ̀.

Ara Ọdẹ́gbàmí di yìnyín ju yìnyín lọ. Oníbodè yíjú sí i. “Lọ́fílì dé, ísíntì?”

Òkúta omi kan balẹ̀ sí i ní àtàrí, ẹ̀jẹ̀ ṣàn wá sí ipéǹpéjú rẹ̀. “Yẹ́ẹ̀sì,” ni ó wí, “ísíntì!” Ẹnubodè sì ṣí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ohun tí ó rí nínú ìlú náà kò ṣe é rín. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn ń sọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ọwọ́ júwe ojú ọjọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó yé e. Ó rí ọkùnrin kan tí àrá sán lu ilé rẹ̀, tí iná ń jó àjà, tí ó dúró lóde tí ó ń wí fún aládùúgbò rẹ̀ pé ó jọ pé ọjọ́ òní móoru díẹ̀. Aládùúgbò náà ní bẹ́ẹ̀ ni, ó móoru. Ó rí obìnrin kan tí wọ́n ń gbé òkú ọmọ rẹ̀ kọjá. Àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dì í lọ́wọ́ mú, gbogbo ohun tí wọ́n sì ń wí kò ju pé afẹ́fẹ́ pọ̀ lónìí lọ. “Ó pọ̀,” ni obìnrin náà ń dáhùn, omijé ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, “ó pọ̀ púpọ̀.” Ọdẹ́gbàmí sọ fún mi pé ìgbà tí òun kọ́kọ́ rí i, òun fẹ́ bínú. Ṣùgbọ́n bí òun ti wo bí wọ́n ti ń di ọwọ́ náà mú tí wọn kò fẹ́ fi í sílẹ̀, òun mọ̀ pé kì í ṣe afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń sọ. Òun náà lọ síbẹ̀, ó di ọwọ́ obìnrin náà mú.

Ó bọ́ sí ọjà tí wọ́n ti ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́. Fọ́kásìtì ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gbẹ́ni Ṣúà dúró lórí tábìlì gíga, ohùn rẹ̀ ń dún bí àrá, gbogbo ọjà sì yí i ká. Túmọ́rò, oòrùn ni! Ó dá a lójú, ó fi orí rẹ̀ búra. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ẹlẹ́nu méjì kan jókòó sí. Ẹnu ọ̀tún rẹ̀ ń wí pé òjò yóò rọ̀, ẹnu òsì ń wí pé kò ní í rọ̀, kò sì sí ọjọ́ kan tí ó ṣìnà rí. Ní ìkángun ọjà, ìyá arúgbó kan nìkan jókòó, tí ó gbé ojú sókè ọ̀run, tí ẹnikẹ́ni kò yà sọ́dọ̀ rẹ̀ àfi àwọn tí ó fẹ́ yọ ṣùtì sí i. “Màmá Mébì!” ni wọ́n ń kígbe. “Màmá Mébì, túmọ́rò ńkọ́?” Òun yóò sì dáhùn pé, “Réènì, mébì.” Ọjà yóò bú sẹ́rìn-ín.

Ọdẹ́gbàmí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó láti bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ọdẹ ni. Ọdẹ mọ̀ pé bí ẹnìkan bá ní òun mọ ibi tí ẹran ń lọ, kí a kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tí ẹran ti wá. Ó wọ iwájú Ọ̀gbẹ́ni Ṣúà, ó wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo jáde nínú àwọn tí ìyàwó rẹ̀ kó fún un.

“Yẹ́sítadé?”

Ọ̀gbẹ́ni Ṣúà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọdẹ́gbàmí tún un wí kíkan-kíkan, “Yẹ́sítadé!” Ó ń nawọ́ sí yìnyín ilẹ̀ bí ẹni tí ń béèrè pé, “Kí lo sọ lánàá nípa òní?” Òógùn bo ojú ọkùnrin náà. Ó wo yìnyín tí ó wà nílẹ̀, ó wo aṣọ ọjọ́ oòrùn tí òun wọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo túmọ́rò, túmọ́rò, túmọ́rò, títí ohùn fi há a. Ọdẹ yíjú sí ẹlẹ́nu méjì. Ẹnu méjèèjì ń dá ara wọn lẹ́bi.

Ìgbà náà ni ó gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn rẹ̀, ní Yorùbá tí ó gún régé. “Èmi ní lánàá pé òjò lásán ni yóò rọ̀ lónìí. N kò rí yìnyín. Atẹ́gùn òkè tutù ju bí mo ti rò lọ. Mo ṣìnà.”

Ọdẹ́gbàmí fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ìyá arúgbó nì ni! “Màmá, ẹ gbọ́ Yorùbá?”

“Ìjì kan ni ó gbé ìyá mi wá síbí láti oko rẹ̀, pẹ̀lú agbọ̀n ilá lórí. Kí ni o wá ṣe, ọmọ mi?”

Ó wólẹ̀, ó ro ẹjọ́ ìlú rẹ̀. Ìyá náà gbójú sókè sí ìhà Ìgbórò, ó wò ó títí, ó fọwọ́ gbá afẹ́fẹ́ mú, ó gbóòórùn rẹ̀. Nígbà tí ó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

“Òjò yín ń bọ̀. Nígbà tí oṣù tuntun bá lé ni mo rí i sí. Ṣùgbọ́n kò ní í wá bí àlejò, bí ogun ni yóò wá. Odò yín yóò dìde lórí ẹní rẹ̀. Kí ẹ kó àwọn ará ìsàlẹ̀ gun òkè, kí ẹ gbé irúgbìn dání. Bí omi bá fà tán, ẹ gbìn ín. Ìyẹn kò ní í jóná.”

“Ìsàlẹ̀ ni ìyá mi wà,” ni Ọdẹ́gbàmí wí. “Ṣé ó dá yín lójú, màmá?”

“Mébì. Ó lè yá, ó lè pẹ́. Má ṣe fi ọ̀rọ̀ mi ṣe ìrọ̀rí, ọmọ mi. Sáré.”

Ó sáré. Ẹ̀yin èèyàn mi, bí mo bá ní ó sáré, kì í ṣe irú eré tí ẹ̀yin ń sá lẹ́yìn adìẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ewé. Nígbà tí yóò fi wọ Ìgbórò, oṣù tuntun kò tíì lé, gbogbo ìlú sì ti pé jọ sí iwájú ààfin láti gbọ́ tẹnu rẹ̀. Oòrùn ń ràn kanrin-kanrin. Ọba dìde lórí ìtẹ́.

“Ọdẹ, káàbọ̀! Kí ni wọ́n wí nípa òjò?”

Ọdẹ́gbàmí la ẹnu láti wí pé, “Kábíyèsí, àgbàrá ń bọ̀.” Ohun tí ó jáde ni pé, “Lọ́fílì dé, ísíntì?”

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó tún gbìyànjú. Kábíyèsí ń jáde, orúkọ ìyàwó rẹ̀ ń jáde, ṣùgbọ́n bí ahọ́n rẹ̀ bá ti kan òjò, bí ó bá ti kan odò, yóò yọ̀ bọ́ sórí ọ̀rọ̀ oníbodè nì bí ẹsẹ̀ ṣe ń yọ̀ lórí ẹrẹ̀.

“Ó ní ọjọ́ dára!” ni Olóyè Látẹ̀jú túmọ̀ fún ìlú. “Ọdẹ, ṣé kí a gbin irúgbìn wa sí ìsàlẹ̀ lónìí?” Orí Ọdẹ́gbàmí fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì sókè-sílẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwẹ̀ró já dé iwájú, ó ní, “Ọkọ mi, àbí ewu ń bọ̀?” Orí náà tún mì pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni wí nípa ojú ọjọ́ tí orí náà kò gbà. Àwọn èèyàn ti ń jó. Àwọn kan ti ń ṣí ilẹ̀kùn àká.

Ẹnu àti orí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó ti ń jáde ní ìlú yẹn. Wọn kò gba ẹsẹ̀. Ọdẹ́gbàmí ya àárín èrò, ó gba ilé lọ, ó sọ ìyá rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi ọ̀já dì í bí ọmọ ọwọ́, ó sì gba iwájú ààfin kọrí sí òkè.

“Ibo lò ń gbé mi lọ?” ni ìyá rẹ̀ ń bi í.

“Lọ́fílì dé,” ni ó ń wí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, “lọ́fílì dé.”

Ìyá àgbà fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀, ó sì ké tòò. “Àwẹ̀ró! Ọmọ yìí ń gbọ̀n! Èmi ni mo bí i, kì í gbọ̀n fún ohun tí ó dára!”

Àwẹ̀ró gbé apẹ̀rẹ̀ irúgbìn kan nínú àká lé orí, ó tẹ̀lé wọn. Ọba wo ọ̀kánkán òkè títí. “Mo ti rí ọkùnrin yìí tí ó dojú kọ ẹkùn,” ni ó wí. “N kò rí i kí ó sá rí. Ẹ kó irúgbìn. Ẹ kó ọmọ yín.” Ó sì bọ́ bàtà rẹ̀, òun náà gun òkè. Látẹ̀jú nìkan ni ó kọ̀. Ó ní òun kò lè tẹ̀lé ọ̀bọ gun igi nítorí pé ọ̀bọ ń sunkún.

Oṣù tuntun kò tíì lé, ọ̀la ni wọ́n ń retí rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n gun òkè yẹn gan-an ni òjò dé. Kò ṣú, kò kù. Ọ̀run kàn là ni. Odò dìde dúró bí èèyàn, ó fi èjìká gbá Ìsàlẹ̀-Odò, ilé ń wó ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, òrùlé ń léfòó lọ pẹ̀lú adìẹ lórí rẹ̀. Àwọn tí ó wà lórí òkè ń wo ibi tí wọn ì bá jókòó sí.

Wọ́n gbọ́ igbe kan. Látẹ̀jú ni, ó dì mọ́ orí ọ̀pẹ, omi ti dé ìbàdí rẹ̀. Ọdẹ́gbàmí sọ ìyá rẹ̀ kalẹ̀, ó so okùn mọ́ ikùn, ó fi etí okùn kejì lé Àwẹ̀ró àti àwọn ọkùnrin lọ́wọ́, ó sì bẹ́ sómi. Omi gbé e mì, ó pọ̀ ọ́ jáde, ó tún gbé e mì. Nígbà tí wọ́n fa àwọn méjèèjì gúnlẹ̀, Látẹ̀jú dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Gbogbo ènìyàn ń retí ọpẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó di ọrùn ẹ̀wù ọdẹ mú.

“Kí ló dé?” ni ó wí. “Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?”

Ọdẹ́gbàmí wò ó. Omi odò ń jáde ní imú rẹ̀, òjò ń lù ú lójú. Ó la ẹnu, bí ẹni tí ń bẹ̀rù ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

“Òjò,” ni ó wí. Ó dúró, ó fetí sí ohùn ara rẹ̀. “Òjò ń rọ̀.” Omi odò ti fọ ọ̀rọ̀ oníbodè kúrò lórí ahọ́n rẹ̀.

Ariwo tí ó sọ lórí òkè náà, mo gbọ́ pé àwọn ìlú tí ó wà lódìkejì odò gbọ́ ọ, wọ́n rò pé ogun ni. Àwọn obìnrin di mọ́ ara wọn, ọba fúnra rẹ̀ sì ń kígbe ọ̀rọ̀ kan náà bí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè: òjò ń rọ̀, òjò ń rọ̀! Látẹ̀jú nìkan ni kò pariwo. Ó bo ojú mọ́ ẹsẹ̀ ọdẹ, ó sì ń sunkún.

Wọ́n gbin irúgbìn náà sínú ẹrẹ̀ nígbà tí omi fà, wọ́n sì jẹ ẹ́ ní tútù, wọ́n jẹ ẹ́ ní gbígbẹ. Bí ọ̀gá mi ṣe fi lé mi létí nìyẹn, bí mo sì ṣe gbé e lé yín lọ́wọ́ rèé. Ẹ dìde, ẹ na ẹsẹ̀ yín. Ẹnu ń gbẹ mí, kí ẹnìkan fún mi lómi mu.